Àlàáfíà Ọkàn Ẹlẹgbẹ́ Wa Tí Ó Wà ní Òkè Òkun

Láàárín ọdún mẹ́ta tí àwa ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni a ti péjọ sínú ilé ìsìn láti fi àdúrà sin ẹni kan tí ó fẹ́ lọ kàwé sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo wa ni a mọ bí ó ti máa ń rí. A ó kọrin, a ó gbàdúrà kí Ọlọ́run mú ẹsẹ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ ní àlàáfíà, kí òtútù má ṣe é ní ibi, kí owó má tán lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì gba oyè bọ̀. Àwọn ìyá yóò nu ojú nù, a ó ya àwòrán, a ó sì túká. Àwa kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni gbàdúrà kí ìrẹ̀wẹ̀sì má borí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì rí àgbà kan tí ó fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ó sì wí pé, "Àbúrò, bí ayé bá ṣú mọ́ ọ lójú níbẹ̀, ta ni ìwọ yóò sọ fún?" Nítorí èyí ni a ṣe mú gègé lónìí.

A ní ọ̀rẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó yọ̀ǹda fún wa pé kí á sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó fi kíláàsì méjì ṣíwájú wa. Nígbà tí ó jáde, ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún méjì, lẹ́yìn náà ó rí àyè ní yunifásítì kan ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ ta ilẹ̀ kan nítorí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ dá sí i. Ìyá rẹ̀ sì yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn. Oṣù Kẹsàn-án ni ó lọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní tí ó tẹ̀ lé e, ó fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù: òun ni ó dúró nínú ẹ̀wù òtútù tí ó nípọn, yìnyín funfun bo gbogbo ilẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ gbé àwòrán náà lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán, wọ́n ní kí ó sọ ọ́ di ńlá, wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri yàrá àlejò. Ní ilé ìsùn wa níhìn-ín a gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, àwọn mìíràn nínú wa sì ń jowú. Àwa tí ń kọ̀wé yìí wà lára àwọn tí ó jowú.

Nígbà tí ó padà wá sílé ni a tó gbọ́ bí ọjọ́ náà ti rí. Kò tíì fi ojú ba oorun láti òru méjì. Alẹ́ ni ó fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí ó ń wẹ̀ wọ́n, tí ó sì ń yí wọn lórí ibùsùn. Òwúrọ̀ ni ó ń dé yàrá rẹ̀. Bí ó bá sì fi máa jí, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni ó ń jẹun. Bí ó bá ṣí ìwé, yóò ka ojú ewé kan ní ẹ̀ẹ̀meje, kò ní mọ ohun tí ó kà. Ó ní ó dà bí ẹni pé a bu ata sí òun ní àtàrí. Kò gbé fóònù mọ́ bí a bá pè é, lẹ́tà kúkúrú ni ó ń fi dá gbogbo wa lóhùn, ọ̀kan náà sì ni gbogbo wọn: "Mo wà dáadáa. Ọlọ́run ń ṣe é." A bi í léèrè ẹ̀rín tí a rí nínú àwòrán. Ó ní, "Ìyá mi ni mo ń rín in fún."

Ìgbà kan dé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ikú sàn fún òun ju kí òun padà sílé ní ọwọ́ òfo lọ. A kò ní lọ jìnnà nínú èyí. A sọ ọ́ nítorí pé òun ni ó ní kí á má ṣe fò ó.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀ràn titun ni. Ní ọdún 1960, oníṣègùn àrùn ọpọlọ kan láti ilẹ̀ Kánádà, Raymond Prince, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Aró ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tí orí ń gbóná tàbí tí ó ń ta wọ́n, tí ojú ń ṣú bí wọ́n bá ṣí ìwé, tí ohun tí wọ́n kà kò sì dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà a máa wí pé ìwé kíkà ni ó mú ọpọlọ àwọn rẹ̀. Títí di òní ni àwọn oníṣègùn ń jiyàn bóyá àìsàn ọ̀tọ̀ ni, àbí ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn ni ó wọ ẹ̀wù mìíràn. Àwa kì í ṣe oníṣègùn, a kò ní dá ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé nílé níhìn-ín ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí wà, láàárín àwọn ènìyàn wọn. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ìyá rẹ̀ wà nítòsí, mélòómélòó wá ni fún ẹni tí ó wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè pe orúkọ rẹ̀ kí ó gún?

Ní Aró kan náà, láti ọdún 1954, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, ti ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, dípò kí ó tì wọ́n mọ́lé. Olúkúlùkù ni ó ní láti mú ìbátan kan lọ́wọ́ tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ní ọ̀sán wọn a lọ gba ìtọ́jú, ní alẹ́ wọn a padà sí agboolé. Ọkùnrin yìí mọ ilẹ̀ òkèèrè, ó sì mọ ilé. Ó rí i pé oògùn dára, ṣùgbọ́n pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn kò gbọdọ̀ wà ní òun nìkan.

Àwọn tí ó ṣáájú wa lọ sí Lọ́ńdọ́nù ti mọ èyí pẹ̀lú. Ọ̀gbẹ́ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin níbẹ̀ ní ọdún 1922, wà lára àwọn tí ó dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún 1925. Ní ọdún 1933 ẹgbẹ́ náà ṣí ilé kan ní Camden. Ní ìgbà náà ọ̀pọ̀ onílé ni kì í gba ènìyàn dúdú sí yàrá, bí ó tilẹ̀ ní owó lọ́wọ́. Nínú ilé yìí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ibi fi orí lé, kí ó rí oúnjẹ ilẹ̀ wa jẹ, kí ó sì gbọ́ èdè tí ó fi ẹnu ìyá rẹ̀ kọ́. Nígbà tí a bá ń ròyìn ẹgbẹ́ náà, ìjà òmìnira tí wọ́n jà ni a máa ń sọ. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ àwa rò pé abọ́ oúnjẹ tí wọ́n bù fún àlejò ní alẹ́ òtútù náà tó ohun tí a ń kọ sínú ìwé ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tí ń tẹ orí ènìyàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni oòrùn fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ìgbà òjò ni o, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni o, ọ̀sán kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìparí oṣù Kejìlá, agogo mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀ ni oòrùn tó ń yọ, kí ó sì tó lu agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ó ti wọ̀. Àwọn ènìyàn kan wà tí àìrí ìmọ́lẹ̀ yìí nìkan ń mú kí ọkàn wọn wúwo láti ọdún dé ọdún, àwọn dókítà sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Àwọn aláṣẹ ìlera níbẹ̀ pàápàá gba àwa aláwọ̀ dúdú nímọ̀ràn pé kí á ronú láti máa lo ìwọ̀n fítámì D díẹ̀, maikirogíráàmù 10 lóòjọ́, jálẹ̀ ọdún, nítorí awọ wa kì í rí tó nínú oòrùn wọn. Ẹni tí ó bá ń fi alẹ́ ṣiṣẹ́ tí ó sì ń fi ọ̀sán sùn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ó kù.

Èkejì ni owó. Òfin fàyè gba ẹni tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ oyè láti ṣe iṣẹ́ wákàtí 20 péré ní ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí kíláàsì ń lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ìjọba wa tú náírà sílẹ̀. Dọ́là kan tí a ń fi bí náírà 460 rà ti di ohun tí ó lé ní 1,400 ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ẹni tí ó ti ṣírò owó ilé-ìwé rẹ̀ kí ó tó lọ rí i pé ìṣirò náà ti dàrú nígbà tí òun ti wà lẹ́nu rẹ̀. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 kan náà sì ni òfin ibẹ̀ kò ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gba oyè kejì mú ọkọ, aya tàbí ọmọ lọ mọ́. Owó sá, ènìyàn sì ṣọ̀wọ́n.

Ṣùgbọ́n àwa kò gbà pé òtútù tàbí owó ni ó wúwo jù. Ohun tí ó wúwo jù wá láti ọ̀dọ̀ wa nílé. Ọ̀rẹ́ wa ka lẹ́tà tí ó rí gbà lórí fóònù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan fún wa: àbúrò fẹ́ san owó ìdánwò, ẹ̀gbọ́n kan fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ Márúwá, aládùúgbò kan ń béèrè bí òun yóò ti rí físà, ọ̀rẹ́ àtijọ́ kan sì ní kí ó má gbàgbé àwọn tí ó wà lẹ́yìn. Àwa náà ti kọ̀wé sí i ní ọ̀sẹ̀ náà. A ní kí ó bá wa ra ìwé kan. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó bi í bí ó ti sùn mọ́jú. Ẹni tí ilẹ̀ ìdílé ti lọ lórí rẹ̀ yóò ha ṣe kọ̀wé sílé pé òun ń sunkún? Nítorí náà ó pa irọ́, irọ́ náà sì ń béèrè irọ́ mìíràn, títí kò fi sí ẹnì kan ní gbogbo ayé tí ó mọ ibi tí ó wà ní tòótọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń pe ìrìn àjò yìí ní jápa, wọ́n sì ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀; ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi rẹ́rìn-ín kọ́kọ́ wá gbọ́ ẹnu ẹni tí ó ti lọ.

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀, pé ikú yá ju ẹ̀sín. Àwọn àgbà pa á nítorí kí ènìyàn má ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ nípa olè, ọ̀dàlẹ̀ àti ìwà ìbàjẹ́. A kò ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nígbà wo ni àìsàn di ẹ̀sín? Nígbà wo ni ìdánwò tí ènìyàn kò yege di ẹ̀sín? Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, bí ọmọ kan bá ṣubú nínú ìṣirò, ṣé a ó sọ fún un pé ikú yá? A máa fi òwe yìí sí ẹnu àwọn ọmọ kékeré láìronú, a kò sì mọ èyí tí yóò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú yàrá kan níbi tí kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Ohun tí àwọn àgbà kan náà wí ni pé ọmọ tí ó bá ṣí apá ni à ń gbé; èyí ni a kì í fi kọ́ wọn tó.

Ta ni ó gbé ọ̀rẹ́ wa? Obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gánà kan ni, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ó rí i pé omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ bí ó ti ń ká aṣọ àwọn arúgbó, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Kò wàásù fún un. Ó mú un lọ sí ilé rẹ̀, ó se ìrẹsì fún un, ó ní kí ó sùn sórí àga gbọọrọ, nígbà tí ó jí ó tún fún un ní oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni ó tó bi í léèrè ohun tí ń ṣe é, ó sì bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìwé Mímọ́ yóò rántí wòlíì Èlíjà lábẹ́ igi nínú aginjù, nígbà tí ó bẹ̀bẹ̀ kí òun kú. Áńgẹ́lì náà kò bá a wí. Oúnjẹ àti omi ni ó fún un, ó tún jẹ́ kí ó sùn, ó sì tún fún un ní oúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì; ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ tó dé. A fẹ́ kí àwọn tí ń wí pé ẹ̀mí àìmọ́ nìkan ni ó ń fa gbogbo ìrònú tún orí náà kà. Àdúrà dára, àwa pẹ̀lú ń gbà á. Ìjọ sì jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti rí ìyá àti ẹ̀gbọ́n ní ilẹ̀ àjèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbààwẹ̀ lórí ebi, tí ó ń ṣọ́ òru lórí àìsùn, ń fi epo sí iná ni.

Dókítà tí wọ́n lọ bá kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé ó ti san owó náà tẹ́lẹ̀ láìmọ ìlò rẹ̀. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, pọ́n-ùn 776 lọ́dún ni akẹ́kọ̀ọ́ ń san fún ìlera nígbà tí ó bá ń gba físà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò láti ọ̀sẹ̀ tí ó bá ti dé. Ọ̀rẹ́ wa kò forúkọ sílẹ̀ fún oṣù márùn-ún, nítorí ó rò pé bí òun bá sọ pé ọkàn òun kò dá, wọn yóò ròyìn rẹ̀ fún ìjọba, wọn yóò sì lé òun lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá sọ fún dókítà tàbí fún olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́, àṣírí ni, àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Ó tún yẹ kí á sọ fún olùkọ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ tó kọjá, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa rí àfikún oṣù mẹ́ta gbà, ó sì fi parí ìwé rẹ̀. Ọ̀ràn dídá ẹ̀kọ́ dúró fún ìgbà pípẹ́ ni ó lè kan físà, nítorí náà kí ènìyàn kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń mójú tó físà ní yunifásítì rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Bí ó bá sì jẹ́ òru ni ọkàn ń dàrú, ẹgbẹ́ kan wà tí a ń pè ní Samaritans, tí àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan, Chad Varah, dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù ní ọdún 1953. Iṣẹ́ wọn ni láti gbọ́. Nọ́ńbà wọn ni 116 123. Ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹni tí ó wà nínú ìdààmú ọkàn tún lè pe 111 kí ó sì tẹ 2. Kí ẹni tí ń lọ kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sínú ìwé rẹ̀ níhìn-ín, nígbà tí orí rẹ̀ ṣì tutù, nítorí ẹni tí omi ti dé ọrùn kì í wá ìwé.

Ọ̀rẹ́ wa sọ òtítọ́ fún ìyá rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ó ní òun wárìrì bí òun ti ń pè wọ́n. Wọ́n dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?" Láti ọjọ́ náà wọ́n ń pè é ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ owó. Gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣì wà nílẹ̀ o. Wọ́n ń san án díẹ̀díẹ̀ títí di ìsinsìnyí. A bẹ̀ wọ́n wò ní ìsinmi tó kọjá. Àwòrán yìnyín náà ṣì wà lára ògiri. A bi wọ́n bí wọn kò ti ní yọ ọ́ kúrò, wọ́n ní rárá, pé ẹ̀wù náà dára.

Àwọn méjì nínú wa yóò rin ìrìn àjò ní oṣù Kẹsàn-án tí ń bọ̀. A ti bẹ olùdarí ìsìn wa pé, lẹ́yìn àdúrà, kí olúkúlùkù wọn dárúkọ ẹnì kan lójú gbogbo wa tí yóò máa sọ òtítọ́ fún, bí ó ti wù kí òtítọ́ náà korò tó, kí ẹni náà sì dìde dúró kí a rí i. Ẹni náà ni yóò máa pè é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò sì gbọdọ̀ béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Olùdarí ìsìn ti gbà kí á dán an wò. Àwọn tí ó bá fẹ́ kí á fi orúkọ wọn sílẹ̀ láti dúró fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì lè rí wa lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.